Fèrèsé Màmá

Yàrá Kẹrin, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
Ilé Àwọn Òṣìṣẹ́,
Ẹ̀yìn Ilé-Ìwòsàn.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta.

Adúmáadán, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ara? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ìbejì ńkọ́? Ṣé èyí tó ń wúkọ́ ti sàn? Òtútù ibẹ̀ yẹn ńkọ́, ṣé ó ti rọlẹ̀ díẹ̀? Ìdáhùn gidi ni mo fẹ́ o. Jọ̀wọ́, má fi "a dúpẹ́" dá mi lóhùn. Ọ̀rọ̀ yẹn ló kó bá wa. Wá ibì kan jókòó sí kí o tó máa kà á lọ.

O mọ̀ pé ẹgbẹ́ aláàánú tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ló ń rán nọ́ọ̀sì káàkiri ojúlé ní àdúgbò yín, kó máa tọ́jú àwọn àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn mọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì ló máa ń dé ọ̀dọ̀ Màmá rẹ, tí yóò fọ egbò ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn, tí yóò sì fi báńdéèjì tuntun dì í. Lóṣù kẹwàá, ọ̀gá wa ní a gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá iṣẹ́ wa ń ṣe aráàlú láǹfààní, àti pé ẹnu àwọn ará àdúgbò fúnra wọn ló yẹ ká ti gbọ́ ọ. Èrò náà dára. Èmi ni wọ́n kó fọ́ọ̀mù fún, nítorí ọmọ àdúgbò ni mí. Inú mi dùn débi pé mo ra bàtà tuntun fún ìrìn náà.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti wọ̀ ọ́. Nínú àwọn tó wẹ̀ mí ní kékeré, ta ni màá bi pé ṣé ara le, tí yóò wò mí lójú kó ní kò le? Mo ní báwo ni ara yín, wọ́n ní a dúpẹ́. Mo ní kí lẹ tún nílò, wọ́n ní kò sí o, kú iṣẹ́ ọmọ mi. Bàbá tó ń tún bàtà ṣe ní ìkòríta, tí kò lè dá dìde lórí àga, ní òun ṣì lè bá mi sáré ìje. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì kọ ọ́ pé ara rẹ̀ le. Màmá fa aṣọ bo ẹsẹ̀. Ó ní, "Akọ̀wé Kékeré, kọ dáadáa gan-an síbẹ̀, kí ọ̀gá rẹ má baà rò pé o ò mọṣẹ́." Mo mọ ohun tó wà lábẹ́ aṣọ yẹn, Adúmáadán. Mo kọ "dáadáa gan-an".

Ìwé tí a kó jọ dùn ún kà. Àwọn tó ń gbọ́ bùkátà ẹgbẹ́ sọ pé níwọ̀n ìgbà tí ara gbogbo wọn ti le, kí nọ́ọ̀sì máa lọ sí àdúgbò tí ìnira wọn pọ̀ jù. Ó lọ níbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù wa kò ní àyè tí a ti lè kọ èje.

Ìgbà tí nọ́ọ̀sì lọ tán ni mo wá bi Màmá bí àwọn aládùúgbò ṣe máa ń mọ ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ẹ̀yin ọmọ ìwé yìí, ṣé ẹ ò lè ka fèrèsé ni? Àṣé ní òpópónà yín, àgbàlagbà tó bá ti lè dìde láàárọ̀ á ṣí fèrèsé tó kọjú sí títì, kí ọkàn aládùúgbò lè balẹ̀. Wọ́n ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí wa. Èmi rò pé atẹ́gùn ni wọ́n ń gbà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́. Nínú fèrèsé mẹ́rìndínlógójì, mẹ́ta péré ni wọn kò ṣí lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tí oṣù kejì fi parí, wọ́n ti di mọ́kànlá. Mo kó o lọ bá ọ̀gá. Kò bínú. Ó ní fèrèsé kò sí lára ohun tí a ń wọ̀n, àti pé ìwé ti lọ.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, ti Màmá ló di kejìlá.

Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ni mo bá a, ẹsẹ̀ yẹn ti dúdú. A gbé e wá sí ilé-ìwòsàn níbí, dókítà sì ti gé ìka ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ó ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n gé e dé orúnkún, ọmọ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wá fọwọ́ sí ìwé kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó bi Màmá bóyá ó ń dùn ún. Ìwọ náà mọ ohun tí Màmá fi dá a lóhùn. Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn ló fi ẹ̀gún sọ́wọ́; èmi nìyẹn, ojú ń tì mí gan-an.

Màmá ní n kò gbọdọ̀ sọ fún ọ. Ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́, ó ní kí n máa lọ ṣí fèrèsé òun láràárọ̀, kí ìròyìn má baà ti ẹnu aládùúgbò dé etí rẹ. Àárọ̀ mẹ́rin ni mo fi ṣe é. Àwọn tó ń kọjá á rí i ní ṣíṣí, wọ́n á ní, "Màmá, ẹ kú àárọ̀ o." Màá sá pamọ́ sẹ́yìn kọ́tìnnì bí olè, ife tí Màmá fi mu omi kẹ́yìn wà lórí tábìlì níbẹ̀, n kò lè fọ̀ ọ́.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì sọ òótọ́ fún un. Fẹnu ko àwọn ìbejì lẹ́nu fún mi.

Òní ni ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ nọ́ọ̀sì. Mo dé iwájú ilé yín láàárọ̀, kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi, n kò wọlé. Fèrèsé Màmá wà ní títì. Nígbà tí mo fi dé ìkòríta tí mo bojú wẹ̀yìn, ènìyàn méjì ti dúró níbẹ̀, wọ́n ń wò ó. Máa bọ̀ nílé.

Èmi ni, èmi tí mo kọ "dáadáa gan-an",
Akọ̀wé Kékeré.