Làálì Ẹsẹ̀ Ìyá

Àlàmísì, ìrọ̀lẹ́

Ọ̀la ni wọ́n máa gé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ Ìyá.

Èmi ni mo lé làálì sí wọn lẹ́sẹ̀ fún Iléyá. Àtàǹpàkò yẹn dúdú ju ìyókù lọ, mo ṣebí làálì ló mú un dáadáa. Àtọ̀gbẹ kò jẹ́ kí wọ́n mọ ìrora. Lónìí, nọ́ọ̀sì fi òwú nù ún. Ó ní, "Àǹtí, èyí kì í ṣe làálì. Ṣé ẹ kì í yẹ ẹsẹ̀ wọn wò ni?"

Ojoojúmọ́ ni mò ń bu omi àlùwàlá sí ẹsẹ̀ náà. Omi ni mò ń wò, kó má bàa ṣòfò.

Ìyá kò sunkún. Wọ́n ní kí n tọ́jú làálì tó kù. "Ìka mẹ́sàn-án kò ní jẹ ẹ́ púpọ̀."