Ìwé Tí Mo Fi Sínú Abọ́ Ìrẹsì Àlàájà

Òkèrèwè, Ilé-Ifẹ̀.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo kí Dádì, mo kí Káyọ̀dé àbúrò mi tí kì í fèsì lẹ́tà. Ẹ kú òtútù, ẹ kú yìnyín, ẹ kú iṣẹ́ ọsibítù. Nígbà tí mo ka ìbẹ̀rẹ̀ yìí sí Màmá Àgbà létí, wọ́n ní mo ti ṣì í. Wọ́n ní ẹ̀yin tí ẹ wà ní Leeds lẹ wà lájò, èmi tí mo wà lọ́dọ̀ àwọn ni mo wà nílé, ẹ kú àjò ló yẹ kí n kọ. Mo ní ibi tí wọ́n bí mi sí ni mo mọ̀ sílé. Wọ́n ní ta ló bi mí? Nítorí náà mo kọ méjèèjì: ẹ kú ilé, ẹ kú àjò. Ẹ mú èyí tó bá wù yín.

Lẹ́tà yìí kì í ṣe tiyín nìkan o. Mo ti bẹ ẹni tó ń ṣètò ìwé ìròyìn ìjọ wa níbí pé kó bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde, nítorí gbangba ni wọ́n ti gbọ́ ohun tí mo ṣe, Màmá Àgbà sì ní gbangba náà ni kí n ti tọrọ àforíjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó máa kà á lọ.

Ọyẹ́ mú wa gan-an. Ètè mi ti là, eruku pupa sì bo gbogbo nǹkan, títí kan ìwé tí mò ń kọ yìí. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni mò ń lọ sí Yunifásítì láti kọ́ Yorùbá. Ohun tí olùkọ́ ń kọ́ wa yàtọ̀ sí ohun tí Màmá Àgbà ń sọ nílé, nítorí Ifẹ̀ paraku ni tiwọn, mo sì ń kọ méjèèjì sínú ìwé kékeré kan. Omi ẹ̀rọ kò tíì yọ láti ìgbà tí mo ti dé, kẹrosíìnì wọ́n bí ojú, igi la fi ń dáná. Owó tí ẹ fi ránṣẹ́ ti dé ọwọ́ wa, a ra ìrẹsì àti adìyẹ méjì. Ẹ ṣé o.

Mi ò sọ fún yín lórí fóònù pé mo sunkún gan-an ní oṣù méjì àkọ́kọ́. Bí mo bá la ẹnu, àwọn ọmọdé á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí n tún un sọ. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ wa ló gbà mí mọ́ra. Lọ́dọ̀ wọn ni ìgbàgbọ́ mi ti gbóná. Kí ọdún tó dé, olórí ẹgbẹ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní ìwé àṣàrò kúkúrú mẹ́wàá, ó ní kí a pín in tán kí ọdún tó parí. Mo pín mẹ́sàn-án lójú títì. Ó ku ẹyọ kan.

Ẹ̀yin mọ Àlàájà jù mí lọ, ṣùgbọ́n nítorí àwọn tó ń kà á pẹ̀lú yín, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Àlàájà ni aládùúgbò Màmá Àgbà, ọgbà kan ló wà láàrin ilé méjèèjì. Kànga wọn la ti ń pọn omi. Gbogbo ọdún Kérésìmesì ni Màmá Àgbà ń gbé ìrẹsì àti adìyẹ ránṣẹ́ sí wọn nínú abọ́ tánganran kan tó ní òdòdó pupa lára. Abọ́ náà kì í padà lófìfo. Ọ̀dọ̀ Àlàájà ló ń wà títí di ọdún àwọn Mùsùlùmí, ẹran á sì kún inú rẹ̀ kó tó padà wálé. Màmá Àgbà ní ó ti pẹ́ tí àwọn kò ti mọ ilé tí abọ́ yẹn ń gbé mọ́.

Lọ́dún yìí, Kérésìmesì bọ́ sínú oṣù ààwẹ̀. Màmá Àgbà ní kí oúnjẹ wà lórí iná títí wọn á fi pe ìrun àṣálẹ́, kó lè gbóná bá Àlàájà nígbà ìṣínu. Nígbà tí wọ́n wọ yàrá lọ wá gèlè, mo fi ọ̀rá wé ìwé kẹwàá mi, mo tẹ́ ẹ sórí ìrẹsì, mo dé ọmọrí lé e. Inú mi dùn, Màmá. Mo rò pé ẹ̀bùn tó dára jù lọ nínú abọ́ náà nìyẹn. Kúbúrá, ìyàwó ọmọ Àlàájà, ló gbà á lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò wọlé. Mo ní ẹ kú ọdún, mo sáré padà, nítorí itan adìyẹ ń dúró dè mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni Kúbúrá gbé abọ́ náà padà. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ti nù ún gbẹ. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ àfi ìwé mi, nínú ọ̀rá tí mo fi wé e. Kúbúrá kúnlẹ̀ kí Màmá Àgbà, ó dìde, ó lọ. Màmá Àgbà wo inú abọ́ náà bí ẹni tó ń wá nǹkan tó bọ́ sí kànga. Wọ́n bi mí pé ìwé kí nìyí. Wọ́n ní kí n kà á.

Mo kà á. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ ní Yorùbá, bí ẹni tó gbọ́ Yorùbá ti ń gbọ́ ọ. Ohun tí wọ́n kọ gàdàgbà sójú rẹ̀ ni pé: Ọ̀rẹ́, níbo ni wàá wà bí o bá kú lálẹ́ òní?

Màmá Àgbà kò pariwo. Ì bá sàn kí wọ́n pariwo. Wọ́n ní ṣé èmi ni mo wá fi abọ́ àwọn béèrè ikú lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ àwọn, lọ́jọ́ ọdún, pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu? Mo ní ìfẹ́ ni o, mo ní mo fẹ́ kí Àlàájà mọ Jésù ni. Wọ́n ní àwọn mọ̀. Wọ́n wá ní kí n sọ fún àwọn, ọdún kí la ṣe lánàá? Mo ní ọdún ìbí Jésù. Wọ́n ní kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Mi ò tíì dáhùn tí wọ́n fi ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló wá, kò fi ìwé sábẹ́ ọmọrí. Wọ́n ní bí àwọn bá lọ bẹ Àlàájà, wọ́n á gbà nítorí ewú orí àwọn, ọ̀rọ̀ náà á sì wà nílẹ̀ síbẹ̀. Èmi ni mo bà á jẹ́, èmi ni kí n lọ tún un ṣe.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dé ibi kànga tí mo tún padà. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo wọlé, mo kúnlẹ̀. Àlàájà ń ṣa ẹ̀wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọn ò ní kí n dìde. Kúbúrá ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi. Àlàájà rí ìwé náà, inú wọn dùn, wọ́n rò pé káàdì ọdún ni ọ̀rẹ́ àwọn fi ránṣẹ́. Wọn ò mọ̀wé kà. Àfáà àti àwọn àlejò wà níbẹ̀ fún ìṣínu, Àlàájà bá na ìwé sí Àfáà, wọ́n ní kó kà á sókè, kí gbogbo ilé gbọ́ bí Kìrìsìtẹ́nì tó jẹ́ ọ̀rẹ́ àwọn ṣe ń kí àwọn. Àfáà wú ikọ́, ó kà á. Gbogbo ilé pariwo pé a ò ní kú! Àlàájà ní bóyá ojú Àfáà ló ṣì í, kó tún un kà. Ó tún un kà.

Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ìrẹsì náà mọ́. Àlàájà nìkan ló jẹ ẹ́. Wọ́n ní àwọn ò lè da oúnjẹ ọ̀rẹ́ àwọn nù, ṣùgbọ́n kò dùn lẹ́nu àwọn.

Lẹ́yìn èyí ni Àlàájà tó gbójú sókè. Wọ́n ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ Jésù ló dun àwọn, wọ́n ní Ànábì Ísà ni àwọn ń pè é, àwọn sì bọ̀wọ̀ fún un. Ohun tó dun àwọn ni pé láti oṣù kẹsàn-án ni mo ti ń pọn omi àwọn láàárọ̀ lálẹ́, n kò jókòó sọ́dọ̀ àwọn rí. Mo mọ kànga àwọn, mi ò mọ yàrá àwọn. Ẹni tí mi ò bá jókòó rí, ikú rẹ̀ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bá a sọ? Àlàájà ti àtẹ ẹ̀wà síwájú mi.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lójoojúmọ́, bí mo bá ti pọn omi tán, mo máa ń lọ bó ẹ̀wà fún àkàrà ìṣínu, mo máa ń ro ògì. Kúbúrá ní àkàrà tí mo dín rí bí òkúta, ó ní kí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn. Mi ò mú ìwé kankan lọ mọ́. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àlàájà fúnra wọn ló ní kí wá ló wà nínú ìwé yẹn gan-an lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ikú? Wọ́n ní kí n fi ẹnu sọ ọ́.

Mo fi Yorùbá tèmi sọ ìtàn ìbí Jésù. Mo ń wá ọ̀rọ̀, Kúbúrá ń bá mi wá a. Nígbà tí mo dé ibi tí wọn kò ti rí yàrá, Àlàájà bínú. Wọ́n ní onílé wo ló ń lé aboyún? Wọ́n ní àwọn tí àwọn ń gba akẹ́kọ̀ọ́ sílé, àwọn mọ̀ pé kò sí yàrá tí kì í gba ẹnì kan sí i. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ àwọn darandaran, wọ́n ní ta ni wọ́n fi àgùntàn tì? Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n wá bi mí ní èyí tí mi ò gbàgbé: ta ló wẹ ọmọ náà?

Mo ní Bíbélì kò sọ. Wọ́n ní nínú Kùránì tiwọn, abẹ́ igi dàbínù ni Màríyámọ̀ wà, òun nìkan, èso sì ń já bọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn náà kò tíì gbọ́ ẹni tó wẹ ọmọ. Wọ́n ní obìnrin tó bá bímọ láìsí ìyá lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó yẹ kí ẹnì kan wẹ ọmọ fún un. Wọ́n ní nígbà tí Màmá Àgbà bí ọmọbìnrin wọn, ìyá wọn ti kú, àwọn ni àwọn ń fo ọgbà láàárọ̀ lálẹ́ fún oṣù mẹ́ta láti wẹ ọmọ náà, tí àwọn ń nà án lápá, tí àwọn ń nà án lẹ́sẹ̀.

Màmá, ẹ̀yin ni ọmọ náà. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?

Mo sọ fún Àlàájà pé ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé ọmọ inú ìtàn yẹn, Ọlọ́run ló wá bá wa gbé. Wọ́n ní àwọn ò gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ọ, láti ẹnu mi, wọ́n sì fi dàbínù mẹ́ta sí mi lọ́wọ́ pé kí n máa jẹ ẹ́ lọ, nítorí èmi ò gbààwẹ̀.

Síbẹ̀, abọ́ náà ṣì wà lórí tábìlì wa. Màmá Àgbà kò lò ó, wọn ò sì gbé e kúrò. Èmi ni wọ́n ń rán: kí Àlàájà fún mi. Àlàájà á ní àwọn ti gbọ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìtúnu ààwẹ̀ ṣe ń sún mọ́, mo rí i pé ẹ̀rù ń ba Màmá Àgbà. Kò sí abọ́ wa lọ́dọ̀ Àlàájà mọ́. Bí oúnjẹ ò bá wá lọ́dún yìí, kò tún ní wá mọ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ ìtúnu, a gbọ́ tí wọ́n dé láti yídì. Màmá Àgbà wọ aṣọ tó dára, wọ́n jókòó síwájú ilẹ̀kùn pẹ̀lú Bíbélì lọ́wọ́, wọn ò ṣí i. Òórùn ẹran díndín gba ọgbà wọlé. Ọ̀sán pọ́n. Nígbà tó yá, Kúbúrá wọlé, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Mo rí i tí Màmá Àgbà wo ọwọ́ náà. Kúbúrá kúnlẹ̀, ó ní Àlàájà ní kí ẹ fún àwọn ní abọ́ àwọn.

Abọ́ àwọn! Màmá Àgbà fúnra wọn ló dìde. Wọ́n fi etí ìró nù ún, bí ó tilẹ̀ mọ́ tẹ́lẹ̀.

Kò pẹ́ tí abọ́ náà fi padà, ó wúwo. Nígbà tí a ṣí ọmọrí, ìwé kan wà lórí ẹran, wọ́n fi ọ̀rá wé e. Màmá Àgbà ní kí n kà á. Ọwọ́ Kúbúrá ló kọ ọ́, ọ̀rọ̀ Àlàájà ni: Ọ̀rẹ́ mi, níbo ni wàá wà lọ́la? Bí o bá wà nílé, mò ń bọ̀ fúnra mi.

Wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn, wọ́n sì fi etí ìró tí wọ́n fi nu abọ́ nu ojú.

Ọ̀la yẹn ni òní, Màmá. Mo ti gbálẹ̀, mo ti gbé àga sí ibi tí atẹ́gùn ọyẹ́ kò ní dé. Níwájú gbogbo ẹni tó ń ka ìwé yìí, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Àlàájà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ lẹ́tà sí Àlàájà, kí ẹ dúpẹ́ ìwẹ̀ oṣù mẹ́ta. Mi ò ní fi sábẹ́ ọmọrí. Màá jókòó tì wọ́n, màá kà á.

Ọlọ́run tó wá bá wa gbé á máa bá yín gbé níbẹ̀. Àwọn aláìsàn tí ẹ ń tọ́jú á rí ìwòsàn lọ́wọ́ yín, òtútù ò ní ṣe yín ní ibi, ẹ ó padà wá bá wa láyọ̀. Ẹ bá mi kí Dádì, ẹ bá mi kí Káyọ̀dé, ẹ kí gbogbo ará ìjọ yín níbẹ̀, ẹ sì bá mi kí aládùúgbò wa ọwọ́ ọ̀tún tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ láti ọdún mẹ́fà. Ẹ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Mo ń gbọ́ sálúbàtà Àlàájà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Ẹ jẹ́ kí n lọ ṣílẹ̀kùn.

Èmi ni ọmọ yín,
Mojísọ́lá