Nínù Kì í Ṣe Fífọ̀

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Olófòófó, ọmọ-ọmọ mi, ńkọ́, ṣé wíwú ẹnu rẹ̀ ti lọ tán? Ara tèmi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀.

Láti ọjọ́ tí a ti kúrò ní ọsíbítù ni ọ̀rọ̀ rẹ ti ń dún létí mi. Èmi ń pariwo níwájú nọ́ọ̀sì pé, "Mo nu ọ̀bẹ yẹn!" Ìwọ ò tiẹ̀ pariwo. O kàn ní, "Màmá, nínù kì í ṣe fífọ̀." Háà! Bí ilẹ̀ bá lanu lọ́jọ́ náà, ǹ bá wọlẹ̀.

O ṣáà mọ̀ pé nídìí iṣẹ́ búrẹ́dì, a kì í jẹ́ kí omi kan ọ̀bẹ nígbà tí ìyẹ̀fun bá wà lórí tábìlì. Aṣọ gbígbẹ la fi ń nù ún. Mo fi ọ̀bẹ náà pa ẹ̀pà lílọ̀ sí búrẹ́dì oníbàárà, mo nù ún, mo fi gé ti Olófòófó. Kí a tó wí, kí a tó fọ̀, ọ̀fun rẹ̀ ti ń dí. Bí kì í bá ṣe pé o tètè gún un ní abẹ́rẹ́ tí o ń gbé kiri nínú báàgì rẹ nítorí ẹ̀pà, kí ni ǹ bá wí? Àṣejù sì ni mo máa ń pe abẹ́rẹ́ yẹn tẹ́lẹ̀!

Mo padà lọ bá dókítà rẹ̀. Ó ní àwọn ẹ̀ṣọ́ kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tí kì í gbàgbé ọ̀tá. Ti ọmọ wa ló ṣi ẹ̀pà mú ní ọ̀tá. Bí oògùn bá tiẹ̀ dá àwọn tó ń jà dúró, àwọn tí ìrántí wà lọ́wọ́ wọn á tún bí òmíràn. Àwọn ìyẹn gan-an ni àwọn onímọ̀ ń wá ọ̀nà láti yí lérò padà. Mo ní ìgbà wo? Ó ní wọ́n ṣì ń dán an wò, kí n má tíì bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Lánàá tí o fún Olófòófó ní fóònù, mo rò pé ẹ̀rù mi á máa bà á. Àfi bó ṣe ní, "Màmá àgbà, ìgbà wo ni mo ń bọ̀? Ṣé ẹ ti fọ ọ̀bẹ?" Mo bú sẹ́kún. Ọmọ ti gbàgbé, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni kò gbàgbé.

Mi ò ní bẹ̀ ọ́ pé kí o mú un wá. Ẹ̀pà ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi o. Àwọn oníbàárà ń kùn, kí wọ́n máa kùn lọ. Èmi ni n ó wá, bí o bá gbà fún mi. Ọwọ́ òfìfo ni n ó mú wá, ọwọ́ tí a fọ̀.

Ojú rẹ kò ní rí ibi lára ọmọ rẹ. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká fi ọwọ́ ara wa ṣe ara wa mọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Oníbúrẹ́dì.

Mo tún rántí: bí wọ́n bá rí oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ gbàgbé, ọmọ ni kí wọ́n fún. Kí wọ́n má fi kàn mí rárá. Ó yẹ kí ọwọ́ tèmi máa rántí.