Iye Tí Àyà Bàbá Misbáù Ń Lù

Àrẹ̀mọ, Ìbàdàn.
Ọjọ́ Ajé.

Misbaudeen Àkànní ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà l'Ékòó níbẹ̀? Iṣẹ́ ńkọ́, ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a gbọ́ aburú nípa yín. Gbogbo ilé ń kí ọ. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, má wo bí ó ṣe rí wọ́gọwọ̀gọ. N kò lè sọ ọ́ lórí fóònù torí Waliyat ìyàwó bàbá rẹ ló máa ń bá mi tẹ̀ ẹ́, kì í sì í kúrò nítòsí títí n ó fi sọ̀rọ̀ tán.

Bàbá rẹ ṣì ń sùn ní ọsibítù. Ó pé ọjọ́ mọ́kàndínlógún lónìí tí ọ̀kadà gbá wọn l'Ọ́jà'ba níbi tí wọ́n ti ń gbé fìlà lọ fún oníbàárà, wọn kò sì tíì la ojú. Ṣùgbọ́n dókítà ní ara wọn ń bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀, orí tó wú ti fà, a dúpẹ́.

Ohun tó ń dùn mí ni mo fẹ́ sọ. Tẹlifíṣọ̀n kékeré kan wà níbi ìrọ̀rí wọn, kì í ka ìròyìn, kì í ṣe eré, ìlà kan ṣoṣo ló ń sáré kọjá nínú rẹ̀, nọ́ńbà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo bi Evelyn, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú wọn, ó ní iye ìgbà tí àyà bàbá ń lù ni. Mo ní ó yé mi. Ta ni kò mọ ohun tó ń mú àyà ọkùnrin lù kì-kì-kì? Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ ọ. Bí èmi bá wọlé, méjìléláàádọ́rin ni. Bí Waliyat bá wọlé pẹ̀lú lọ́fínńdà lára, ó di mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Mo ń kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì ọsibítù fún ọjọ́ mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo borí rẹ̀, Evelyn sì ní torí pé wọ́n ń wúkọ́ lọ́jọ́ náà ni.

Misbaudeen, mo jowú, n kò ní purọ́ fún ọmọ mi. Èmi tí mo fẹ́ wọn nígbà tí wọn kò ní ju máṣíìnì kan lọ, tí mo ru fìlà wọn kiri gbogbo Bẹẹrẹ, ìyàwó tí kò tíì lo ọdún méje nínú ilé ni àyà wọn ń lù fún. Mo ní kí Evelyn kọjú tẹlifíṣọ̀n náà sí ògiri, ó ní wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Dókítà tún wá ní kí a máa pe orúkọ wọn sí wọn létí, pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n máa gbọ́. Ó ti di ọdún mọ́kàndínlógójì tí mo wọ ilé yìí, n kò pe orúkọ ọkọ mi rí. Mo ń pe Bàbá Misbáù, Bàbá Misbáù, títí ọ̀fun mi fi gbẹ, wọn kò mira. Ni Waliyat bá bẹ̀rẹ̀ mọ́ wọn, Yésúfù, Yésúfù, láìsí Bàbá, láìsí Àlàájì, bí ẹni ń pe ọmọ tó rán níṣẹ́. Nọ́ńbà sì fò sókè. Mo sọ fún dókítà pé inú ló ń bí wọn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí èmi náà pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Mo ní kì í ṣe èmi.

Ṣùgbọ́n lánàá mo rán Waliyat lọ ra omi, kì í ṣe pé òùngbẹ ń gbẹ mí o. Mo wẹ̀yìn wò, mo kúnlẹ̀, mo kọ́kọ́ ní kí wọ́n má bínú, mo wá fi ẹnu mi sí wọn létí. Mo ní Yésúfù. Wọn kò mira. Mo ní Yésúfù, èmi Kúlúsúmù ni. Wọ́n bá di ìka mi mú. Kò le, bí ọmọ tuntun ṣe ń di ìka èèyàn mú ni. Mo wo tẹlifíṣọ̀n, nọ́ńbà kò yí padà rárá. Evelyn sáré wá kọ ọ́ sínú fáìlì, ó ní ohun tí dókítà ń retí nìyẹn, pé ó lè pẹ́ kí wọ́n tó jí, kí a máa pè wọ́n lọ.

Nígbà tí Waliyat gbé omi dé, n kò sọ fún un. Evelyn ló sọ. Ó bú sẹ́kún, ó dì mọ́ mi, ó ní kí n jọ̀wọ́ kọ́ òun bí mo ṣe pè wọ́n. Mo jẹ́ kó dì mọ́ mi, ṣùgbọ́n n kò tíì kọ́ ọ.

Owó tí o fi ránṣẹ́ lọ́jọ́sí, Waliyat ní ó ti wọ inú fóònù òun. Mo ní kó ṣí i kí n rí i, àkọsílẹ̀ lásán ló fi hàn mí. Ibi tí abẹ́rẹ́ kò lè gbà wọlé, báwo ni owó ṣe wọ̀ ọ́? Èyí tí o máa fi ránṣẹ́ báyìí, kó jẹ́ bébà, fi lé Jubril awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá lọ́wọ́. Mo fẹ́ máa gun ọ̀kadà láàárọ̀ kí n lè dé ọsibítù ṣáájú ìyàwó.

Ọlọ́run yóò bá ọ ṣọ́ àwọn ọmọ rẹ, iṣẹ́ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ, ìwọ náà yóò dàgbà, o ó sì rí ẹni tí yóò máa pè ọ́. Máa gbàdúrà fún bàbá rẹ. Bó bá jẹ́ ohùn Waliyat ni wọ́n máa gbọ́ tí wọ́n á fi jí, kí wọ́n gbọ́ ọ, kí wọ́n jí. Ojú wọn là tán ni n ó tó bá wọn jà.

Èmi ni ìyá rẹ,
Kúlúsúmù.