Ògì Ọmọ Yín Nínú Kúkíìsì

Ìyá ọkọ mi, ẹ kú ilé o. Oòrùn Sokoto ń pa wá, àmọ́ àlàáfíà la wà.

Mo wá kọ́sítáàdì tí mò ń pò mọ́ kúkíìsì kiri ọjà Babbar Kasuwa títí ó fi rẹ̀ mí. Ògì gbígbẹ tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọmọ yín nígbà ààwẹ̀ ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Bí ẹ ṣe dì í ló ṣì wà, ẹ má bínú. Kúkíìsì náà kan lẹ́nu díẹ̀, síbẹ̀ àwọn ará Minanata rà á tán.

Nabilah ọmọ wa ń kí yín. Bàbá rẹ̀ náà ń kí yín, iṣẹ́ ni kò jẹ́ kó pè. Bí ẹ bá tún máa fi ògì ránṣẹ́, ìwọ̀nba tí èmi àti Nabilah nìkan lè mu ni kí ẹ dì.

Àpínkẹ́ yín.