Ìrìn Màmá Tó Dé Orí Fóònù

Yàrá Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
Ẹ̀yìn Ilé Ìtẹ̀wé.
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Ẹlẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ mi tó ju ọ̀rẹ́ lọ,

Ṣé dáadáa ni o wà? Bàbá ńkọ́? Ìyá ńkọ́? Ṣé ikọ́ tó ń yọ àbúrò rẹ lẹ́nu ti fi í sílẹ̀? Ní tèmi, ara mi le koko. Inú mi ń dùn débi pé orin ni mo fi ń fọ abọ́, ọkọ mi á ní kí n rọra, kí àwọn ará ilé ìtẹ̀wé má baà rò pé rédíò la tàn. Ìgbéyàwó dùn, ọ̀rẹ́ mi! Àmọ́ díẹ̀ ló kù kí n fọwọ́ ara mi ba adùn náà jẹ́ lánàá. Jókòó, kí n rò ó fún ọ.

O mọ̀ pé láti ilé ìwé ni mo ti ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ sẹ́yìn ìwé. Ọkọ mi ló ní kí n lọ kọ́ ọ dáadáa, ni mo bá ń lọ sọ́dọ̀ ìyá ayàwòrán kan tó ń kọ́ni bí a ṣe ń mú àwòrán rìn. Wàá ya ènìyàn kan sórí ìwé, wàá gbé ìwé mìíràn lé e níbi gíláàsì fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè fi ti ìsàlẹ̀ hàn ọ́, wàá tún un yà, ṣùgbọ́n wàá sún ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀. Bó bá di méjìlá, wàá fi fóònù ya fọ́tò wọn, fóònù á so wọ́n pọ̀, ènìyàn rẹ á sì máa rìn láìdúró, nítorí pé ibi tí èyí tó kẹ́yìn parí sí ni ti àkọ́kọ́ ti gbà á.

Tèmi kọ́kọ́ ń rìn bí igi. Ọ̀gá mi wò ó, wọ́n ní, "Ṣé ènìyàn lèyí ni àbí àga? Kò sí ẹni tí ìgbésẹ̀ rẹ̀ méjèèjì dọ́gba. Lọ yà á bí ènìyàn ṣe ń rìn." Mo yà á títí ọwọ́ fi ń ro mí. Lánàá, mo tẹ fóònù, obìnrin kékeré olórí rìbìtì kan sì jáde, ó gbé èjìká kan sókè, ó rọra wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó tún gbé e. Ó ń rìn! Mo pariwo. Ọkọ mi sáré wọlé, ó gbé mi yípo, kí n sì tó mọ̀, ó ti fi í ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí rẹ̀: "Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ ìyàwó mi!"

Àbúrò rẹ̀, tí mo ń pè ní Akọ̀wé, ló kọ́kọ́ fèsì: "Háà! Màmá mà nìyí! Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń tiro!"

Mo gba fóònù, mo wò ó dáadáa. Òótọ́ ni. N kò gbèrò rẹ̀ o, àmọ́ ìrìn ìyá ọkọ mi ni mo yà. Ìsàlẹ̀ wa ni Màmá ń gbé, ojoojúmọ́ ni mo ń rí wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọwọ́ mi ló rántí ohun tí orí mi kò rò. Orúnkún wọn ń dùn wọ́n, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ọ̀pá tí a rà fún wọn, ilẹ̀kùn ni wọ́n fi ń tì. Ọkọ mi fẹ́ pa àwòrán náà rẹ́, àmọ́ àmì ti hàn lórí fóònù pé Màmá ti rí i. Ẹyin ti balẹ̀, ó ti fọ́.

Màmá kì í gun àtẹ̀gùn. Lánàá, a gbọ́ ẹsẹ̀ wọn: kò, wọ́ọ́, kò, wọ́ọ́. Bí mo ṣe yà á gẹ́lẹ́.

Mo ti kúnlẹ̀ kí wọ́n tó wọlé. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n yọ fóònù, wọ́n ń wò ó. Obìnrin kékeré náà ń rìn, ó ń rìn, kò tán. Mo rò ó lọ́kàn pé bí ìyá yìí bá fi lè kọ̀ mí, ilé tí mo fẹ́ràn yìí ti bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nìyẹn, n kò sì ní fọwọ́ kan pẹ́ńsù mọ́ láyé.

"Ìyàwó."

"Mà."

"Ta ló ní ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń dùn mí?"

Mo na ọrùn wo àwòrán náà. Wọ́n kọjú sí ọkọ mi. "Ìwọ tí mo bí, ẹsẹ̀ wo ni?" Ọkọ mi ń wo àjà. "Ẹ wò ó, kò mọ̀! Òsì ni. Èyí tó sì ní mò ń tiro yẹn, èmi pẹ̀lú rẹ̀ á pàdé."

Wọ́n tún wo fóònù, ohùn wọn wá rẹlẹ̀. "N kò rí ìrìn ara mi rí. Ó ti burú tó báyìí?"

Ọkọ mi lọ jókòó tì wọ́n. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Èjìká yẹn dára. Àmọ́ èmi kì í wọ́ ẹsẹ̀ bí ẹni ń wọ́ igi. Dìde nílẹ̀, mú pẹ́ńsù rẹ, kí o sì wò mí dáadáa."

Màmá rìn láti ibi bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n rìn padà. Mo ń yà, omijé ń kán sórí ìwé, wọ́n ní bí mo bá fi omi ba ojú àwọn jẹ́, a máa jà. Nígbà tó rẹ̀ wọ́n, wọ́n jẹ́ kí ọkọ mi fọwọ́ kan orúnkún náà. Ó ní èyí ò ṣẹlẹ̀ rí!

Lọ́la la ó jọ lọ sọ́dọ̀ dókítà eegun. Màmá ní kí n má gbàgbé àwòrán náà, pé bí dókítà bá ní kí àwọn rìn síwá sẹ́yìn, kí n gbé fóònù lé e lọ́wọ́, àwọn á sì sọ fún un pé: "Jẹ́ kí ìyẹn máa rìn. Èmi á jókòó."

Bá mi kí Bàbá àti Ìyá, kí o sì fi ọwọ́ pa àbúrò rẹ lórí fún mi. Ọkọ mi ń kí ọ. Màmá náà ní kí n kí ọ, wọ́n ní ṣé ìwọ náà mọ àwòrán yà.

Tìrẹ ni mí, lójò àti lẹ́ẹ̀rùn,
Oní-pẹ́ńsù.