Píjò Inú Àwòrán

Ọjọ́ Ajé, 8 January 1979

Ọdún mọ́kànlá ní Lọ́ńdọ̀nù, n kò mọ ohun tí à ń pè ní ọyẹ́ mọ́. Ta ló rán mi létí? Ará Gánà! Míṣítà Quartey, tíṣà tó ń kọ́ mi ní àwòrán yíyà. Mo sọ ọ́ ní Òfuurufú—ìdajì gbogbo àwòrán rẹ̀, ojú ọ̀run ni. Mile 2 ló ti gbọ́ Yorùbá. Ó ní, "Bùnmi, ìwọ gan-an ni àlejò."

Ọjọ́rú, 10

Pírínsípà ilé-ìwé rẹ̀, Ọ̀gá Fáṣínà, fẹ́ àwòrán ńlá kan tí yóò fi àdúgbò wa, Festac Town, hàn, kí àwọn òbí wá wò ó ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á buwọ́ lu ìwé iṣẹ́ Òfuurufú fún ọdún méjì sí i. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn—Gánà yá.

Ọjọ́ Ẹtì, 12

Ibì kan náà láràárọ̀. Ohun tó bá wà níbẹ̀ ni Òfuurufú ń yà; kì í fi kún un, kì í yọ níbẹ̀. Òun mú ojú ọ̀run, ó fún mi ní apá ọ̀tún: ilé Àǹtí Rosaline, nọ́ọ̀sì, àti Píjò funfun tó máa ń wà níwájú rẹ̀. Ilẹ̀kùn kan pupa. Mo ya mọ́tò náà, ó kù díẹ̀ kó fọn fèrè.

Ọjọ́ Ajé, 15

Yéè! A gbé àwòrán dé ọ́fíìsì. Ọ̀gá Fáṣínà ń rẹ́rìn-ín. Ó wo apá ọ̀tún, ẹ̀rín dá. Èmi ọlọ́gbọ́n ní, "Mọ́tò ni, sà. Àràárọ̀ la máa ń bá a níbẹ̀."

Ó ní, "Ìyàwó mi ń bọ̀ ní Sátidé. Ẹ lọ tún un ṣe."

Ìta la ti rí i: Píjò funfun ní ààyè mọ́tò Ọ̀gá, lábẹ́ fèrèsé rẹ̀. Ilẹ̀kùn kan pupa. Òfuurufú ní ojoojúmọ́ lòun ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Òun ò wò ó rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16

Mo ní kí Òfuurufú má pa Píjò rẹ́. Ó ní, "Tí wọ́n bá lé ìwọ, ilé bàbá ẹ ni wàá sá lọ. Èmi ńkọ́?"

Ọjọ́rú, 17

Òfuurufú ya igi dóńgóyárò bo Píjò. Èmi ni mo po àwọ̀ ewé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20

Ọ̀gá Fáṣínà ti buwọ́ lùwé kí èrò tó dé. Ìwé ti wà lápò Òfuurufú.

Igi wa ló wu ìyàwó Ọ̀gá jù. "Ibo ni irú ibòji báyìí wà ní Festac? Ọkọ mi tó ń jí lọ síbi iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ ò sọ ọ́ fún mi rí!"

Ọ̀gá ní ó jìnnà.

Òfuurufú ní rárá, mà, kò jìnnà. Ó júwe àfẹ́núù, ó júwe kílóòsì, títí kan nọ́ńbà ilé Àǹtí Rosaline. Ó ní kí ìyàwó Ọ̀gá lọ láàárọ̀ kùtù. Ìgbà yẹn ló máa ń dùn ún wò jù.